Àwòrán Méjìlá Tí Mo Gbé Lọ sí Yábàá

Tí wọ́n bá bi mí pé ibo ni mo kó lọ láti Ìbàdàn, Musin ni mo máa ń dárúkọ. Àwọn ará Èkó gidi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí mo kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ nídìí ẹ̀rọ omi bi mí pé níbo ni mò ń gbé. Mo ní Èkó. Ó ní Èkó níbo? Mo ní Musin. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Musin kì í ṣe Èkó o. Ojú ọ̀nà Èkó ni." Mo ti fi ìyá mi sílẹ̀ ní Ìbàdàn, mo ti dágbére fún gbogbo ẹgbẹ́ mi pé Èkó ni mò ń bá ọkọ mi lọ, àṣé ojú ọ̀nà ni mo wá dúró sí.

Ìkíni ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn, tí o bá jáde láàárọ̀ láti lọ pọn omi, wàá kúnlẹ̀ tó ìgbà mẹ́wàá kí o tó dé ìdí kànga, wọ́n á sì fi oríkì rẹ dá ọ lóhùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé Musin, mo kúnlẹ̀ fún ìyá àgbàlagbà kan tó ń kọjá lọ pẹ̀lú igbá lórí. Ó dúró. Ó wo ilẹ̀ tí mo kúnlẹ̀ sí, ó ní, "Kí ló sọnù lọ́wọ́ ẹ?"

Mo ní kò sí. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Yàrá kan la ní, èmi àti ọkọ mi. Ògiri rẹ̀ máa ń làágùn nígbà òjò. Ìyàwó onílé wa ni Ìyá Ràfíátù, abọ́ tánganran ló ń tà ní ọjà Ojúwòyè. Òun ló sọ mí ní Ará Òkè, kò sì fi ṣe èébú, bí orúkọ ni. Nígbà tí mo bí Àdùkẹ́, tí n kò ní ìyá nítòsí, òun ló wẹ ọmọ náà fún ogójì ọjọ́, tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ fa ikun imú rẹ̀, tó ń pè é ní Ọmọ Ará Òkè. Mo máa ń sunkún nígbà náà láìnídìí. Á ní, "Ará Òkè, omi ojú ẹ ń wọ inú omi ìwẹ̀ ọmọ. Sún sẹ́yìn."

Ọkọ mi ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ìdí-Òrò. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Tí ọ̀rọ̀ bá ń dùn ún, kì í pariwo. Á mú táyà kan tí kò bàjẹ́, á máa yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Ó ń yí táyà náà lọ́jọ́ tó sọ ohun tí ìyá rẹ̀ wí fún mi. Àdùkẹ́ pé ọdún kan àti oṣù mẹ́rin nígbà náà, ikọ́ tí ògiri yẹn ń fà kò sì jẹ́ kó gbádùn. Ìyá ọkọ mi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn pé tí ọmọ bá ti já lẹ́nu ọmú, kí a gbé e wá fún òun, kí ìyá rẹ̀ lè rójú ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn Iléyá, òun fúnra òun á wá gbé e.

Kò sẹ́ni tó rí ohun tó burú níbẹ̀. Èmi náà kò lè sọ pé ó burú. Ọwọ́ ìyá ìyá mi lèmi náà dàgbà sí. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí wọ́n mú mi padà sọ́dọ̀ ìyá mi. Mo rántí pé mo kúnlẹ̀, mo kí i bí wọ́n ṣe ń kí àlejò, mo sì bi í pé ìgbà wo ni n óò padà sílé. Ìyá mi dá mi lóhùn dáadáa. Ó wá wọ yàrá lọ, kò sì tètè jáde. Ọjọ́ tí mo bí ọmọ tèmi ni mo tó mọ ohun tó lọ ṣe nínú yàrá.

Mo ní, "Tí mo bá wá ríṣẹ́ tí mo lè ṣe pẹ̀lú ọmọ lọ́dọ̀ ńkọ́?"

Ọkọ mi yí táyà. "Tó o bá rí i, n óò kọ̀wé sí Ìyá pé kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀."

"Tí n kò bá rí i?"

"Iléyá ku oṣù mẹ́ta," ó ní.

Mo ka ìwé dé kíláàsì kẹrin ní ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin, nítorí náà mo rò pé ìwé mi ni wọ́n máa wò. Mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Àgùdà, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù méjì. Gbogbo ibi tí mo dé, ẹ̀yìn mi ni wọ́n ń wò. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù kan tilẹ̀ bá Àdùkẹ́ ṣeré títí, ó fún un ní súìtì, ó wá ní kí àwa méjèèjì máa lọ.

Bùrọ̀dá Táíwò ló mú ọ̀rọ̀ àwòrán wá. Ó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, ilé ìtẹ̀wé kan ní Yábàá ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń to lẹ́tà. Ó rí mi lọ́jọ́ kan tí mo ń fi èédú ya àwòrán sí ilẹ̀ fún Àdùkẹ́, ó dúró.

"Ìyàwó, ta ló kọ́ ẹ?"

"Ìyá mi ni, sà. Aládìrẹ ni wọ́n."

"Wọ́n ń wá ayàwòrán níbi iṣẹ́ wa o. Ẹni tó máa ya ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ọṣẹ, ara agolo, kàlẹ́ńdà, irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wa kì í gbọ́ ẹnu lásán. Ó fẹ́ rí àkójọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ."

Ó jókòó sórí àpótí, ó sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kó o jọ.

"Má kó gbogbo ohun tó o mọ̀ ọ́n yà lọ. Méjìlá tó. Èyí tó dáa jù, òkè. Èyí tó tẹ̀ lé e, ìsàlẹ̀ pátápátá. Ọ̀gá wa kì í pẹ́ láàárín."

"Kí ni kí n yà, sà?"

"Ohun tí èèyàn lè tà. Ọṣẹ. Tíì. Ìṣáná. Má ya ẹyẹ. Gbogbo ẹni tó ń wá ló ń ya ẹyẹ."

"Mo fẹ́ràn ẹyẹ, sà."

"Fẹ́ràn ẹ̀ sílé."

Mo ra pépà méjìlá tó ki, tó ń dán, ní Yábàá, mo sì bẹ̀rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé bí ìyá mi ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe òmùgọ̀ ni mí. Ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún ni ìyá mi fi ń ya aṣọ funfun. Tó bá gbẹ, aláró á rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ wà kò ní mu aró, funfun ló máa wà. Ṣùgbọ́n kó tó fọwọ́ kan ìyẹ́, á kọ́kọ́ ṣẹ́ aṣọ náà po sí méjì, sí mẹ́rin, sí mẹ́jọ, á fi èékánná tẹ ojú ìṣẹ́po náà, á tún tú u. Ìlà tí ìṣẹ́po fi sílẹ̀ ni rúlà rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti gbá mi lọ́wọ́ nítorí pé mo yára bẹ̀rẹ̀ sí í yà láìṣẹ́ aṣọ po, n kò tún ya nǹkan kan láìṣẹ́ ẹ po mọ́.

Pépà Yábàá náà dán bí ojú dígí. Mo ṣẹ́ méjèèjìlá po.

Ọ̀sán ni mo máa ń yà á, nígbà tí Àdùkẹ́ bá sùn. Ó gbà mí tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún, nítorí pé Àdùkẹ́ fi ẹsẹ̀ tó ti tẹ ògì bọ́ sórí ìkọkànlá, mo sì ra pépà míì láti tún un yà. Gbogbo ilé ló ń dá sí i. Ìyá Ràfíátù mú àwòrán ọṣẹ, ìyá kan tó ń wẹ ọmọ, ó gbé e jìnnà sójú.

"Ta ni wọ́n ń lù níbí yìí?"

"Wọ́n ń wẹ̀ ẹ́ ni, mà."

Ó tún wò ó. "Ọmọ náà ò gbà bẹ́ẹ̀."

Mo tún ojú ọmọ náà ṣe. Mo kọ̀wé sí ìyá mi pé mo fẹ́ di ayàwòrán ní ilé ìtẹ̀wé, pé ẹ̀kọ́ tó kọ́ mi ló fẹ́ sọ mí di ènìyàn ní ìdálẹ̀. Mo fi sínú àpótí lẹ́tà ní ọjọ́ Ajé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo pọn Àdùkẹ́, mo fi ìró tí a lọ̀ di àwòrán méjìlá, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn láti Musin dé Yábàá, kí èrò ọkọ̀ má baà fún àwọn àwòrán náà mọ́lẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Sálákọ̀ ni ọ̀gá àwọn ayàwòrán, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fi rọ́bà so ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Ó gba àkójọ náà lọ́wọ́ mi. Ó wo ti òkè, èyí tó dáa jù. N kò tíì rí ẹni tó wo àwòrán bẹ́ẹ̀ rí. Kò wo ìyá, kò wo ọmọ, kò wo ọṣẹ. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú pépà náà bí ẹni ń wá ẹ̀gún lára ọmọ.

"Ta ló ṣẹ́ pépà yìí po?"

"Èmi ni, sà."

"Kí ló dé?"

"Kí ó lè gún ni, sà."

Ó ṣí èkejì. Ó ṣí ìkẹta. Ó fo àárín, ó ṣí ti ìsàlẹ̀ pátápátá. Bùrọ̀dá Táíwò mọ ọ̀gá rẹ̀.

"Ìyá ọmọ," ó ní, "ẹ̀rọ la fi ń ya fọ́tò àwòrán ká tó tẹ̀ ẹ́. Ojú ẹ̀rọ kò mọ ìlà tó o fà yàtọ̀ sí ìlà tó o ṣẹ́. Gbogbo ìṣẹ́po yìí ló máa jáde lára ọṣẹ. Àwọn èèyàn á rò pé ọṣẹ náà ti sán." Ó kó méjèèjìlá jọ, ó to etí wọn dọ́gba, ó sì dá wọn padà fún mi bí ẹni ń dá òkú padà fún àwọn ẹbí. "Ọwọ́ ẹ dáa. Pépà ẹ ti kú."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àdùkẹ́ juwọ́ sí i. Nínú àwa méjèèjì, òun nìkan ló hùwà bí ẹni tó yẹ kí wọ́n gbà síṣẹ́.

Èsì lẹ́tà ìyá mi dé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ìyá mi kò mọ̀wé. Tíṣà kan tó ń gbé ilé kejì sí tiwa ló ń kà á fún un, òun náà ló ń kọ èsì, kì í sì í yọ nǹkan kan kúrò nínú ohun tó bá gbọ́. Ohun tó kọ nìyí:

"Ìyá yín ní ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Wọ́n ní ṣé ẹ ṣẹ́ pépà náà po dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀? Wọ́n ní tí ẹ kò bá ṣẹ́ ẹ po, kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé àwọn ló kọ́ yín. Wọ́n ní ìyá ọkọ yín wá kí wọn, ó sì ti ra ẹní tí ọmọ máa sùn lé. Wọ́n ń sunkún báyìí. Wọ́n ní kí n má kọ ọ́."

Mo rẹ́rìn-ín débi pé Ìyá Ràfíátù yọjú. Mo kà á fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé Àdùkẹ́ kúrò nílẹ̀, ó gbé e lé itan, ó ní, "Ẹní wo ni wọ́n rà? Ọmọ yìí ò lẹ́ni níbí ni?" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ tí ẹnì kan ní Musin ń gbà mí jà nítorí ohun tó jẹ́ tèmi.

Èèyàn lè wà níbì kan fún ọdún méjì kó má mọ̀ bóyá òun ń gbé ibẹ̀ ni tàbí òun ń dúró de ọkọ̀. Tí n bá lá àlá, Ìbàdàn ni. Tí n bá jí, mo máa ń kọ́kọ́ wá ilẹ̀kùn sí apá ibi tí kò sí. Mo rò pé tí wọ́n bá gbé Àdùkẹ́ lọ, n kò ní ní ìdí kankan mọ́ láti mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí Iléyá nígbà tí Bùrọ̀dá Táíwò tún dúró sẹ́nu ọ̀nà wa.

"Ọ̀gá bèèrè ẹ lọ́wọ́ mi. Ó ní, 'Obìnrin tó ń ṣẹ́ pépà dà? Báwo ló ṣe ń mú kí apá méjèèjì dọ́gba láìlo rúlà?'"

"Kí lẹ sọ, sà?"

"Mi ò mọ̀, kí ni mo fẹ́ sọ? Inú ń bí i ni. Oníṣòwò aṣọ kan ní ká tẹ pépà tí òun á máa fi di ọjà. Ẹ̀ẹ̀mẹta làwọn ayàwòrán wa ti yà á. Tí wọ́n bá tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, òdòdó á kú sí etí ọ̀kan, ewé míì á bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára èkejì."

"Ojú rírán ni kò pàdé?"

"Kí ni wọ́n ń pè ní ojú rírán?"

Mo mú ìró àdìrẹ tí mo fi ń pọn Àdùkẹ́, mo tẹ́ ẹ fún un. Apá aṣọ méjì la máa ń rán pọ̀ kó tó di ìró kan. Ewé tó bá bẹ̀rẹ̀ lápá ọ̀tún gbọ́dọ̀ parí sí apá òsì, bí ẹni pé kò sí abẹ́rẹ́ tó kọjá níbẹ̀. Ibẹ̀ ni oníbàárà tó mọ aṣọ ti máa ń kọ́kọ́ wò. Bùrọ̀dá Táíwò tẹ̀ba, ó wá ojú rírán náà títí.

"Ya ìyẹn," ó ní.

Mo ní kí ọkọ mi bá mi wá pépà sìmẹ́ńtì láti Súrùlérè, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ilé tuntun. Kò bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Ó kó odindi ẹrù wá, ó ti gbọn eruku rẹ̀. Pépà sìmẹ́ńtì yẹn ni mo ṣẹ́ po, sí méjì, sí mẹ́rin, sí mẹ́jọ, tí mo fi èékánná tẹ̀ bí mo ṣe fẹ́. Mo ya ewé ẹ̀gẹ́ sí i, ọmọ ìka ewé kọ̀ọ̀kan ń na ọwọ́ sí ìta etí pépà kó lè rí èkejì rẹ̀ bá pàdé. Mo wá fi abẹ́rẹ́ lu ihò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sójú ìlà gbogbo. Mo tẹ́ ẹ sórí pépà dídán, mo fi èédú lílọ̀ tí mo dì sínú àkísà lù ú lójú, àwòrán náà bọ́ sórí pépà dídán láìsí ìṣẹ́po kankan, mo sì fi íńkì tọ ojú ìlà rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣe bẹ́ẹ̀, sórí pépà mẹ́rin. Kò sí méjìlá mọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo ní láti fi hàn.

Mo ya ẹyẹ kan sí i. Kékeré ni. Orí ojú rírán gan-an ni mo gbé e lé.

Gbogbo ilé ló ní kí n má gbé ọmọ lọ lọ́tẹ̀ yìí. Ìyá Ràfíátù gbé e lọ sọ́jà, ó fi sáàárín àwọn abọ́ tánganran, ó ní tó bá fọ́ ọ̀kan, òun á kà á sí ọjà. Mo rìn dé Yábàá láìsí nǹkan lẹ́yìn. Ìrìn mi kò dọ́gba, bí ẹni tó gbàgbé ẹrù sínú ọkọ̀.

Mo to pépà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí tábìlì Ọ̀gbẹ́ni Sálákọ̀, etí kan etí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra á. Kò rí ìṣẹ́po. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí ọ̀kan parí sí. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún un fi sójú. Ó fi èékánná tọ ewé kan lọ, ó bọ́ sórí pépà kejì kó tó mọ̀.

"Ta ló ní kó o ya ẹyẹ?"

"Wọ́n ní kí n má yà á ni, sà."

Ó tún tẹ̀ba sórí àwòrán náà. Ọmọ ẹnì kan ń ké níta, n kò mọ ọmọ ta ni, kì í ṣe Àdùkẹ́. Ọmú mi kò mọ ìyàtọ̀. Kí n tó fi gèlè bo àyà, omi ọmú ti la bùláòsì mi já, ó ń tàn kálẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Sálákọ̀ rí i, ó yára wo ẹyẹ.

"Ẹyẹ náà dáa," ó ní. Ó wúkọ́ díẹ̀. "Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ la máa ń bẹ̀rẹ̀. Ojoojúmọ́. Ọmọ kò gbọ́dọ̀ wọ ibí, nítorí íńkì."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń wá láti oṣù méjì nìyẹn, mo sì rí i pé n kò lè gbà á.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," mo ní, "ní ilé wa, aládìrẹ kì í ya aṣọ nílé aláró. Ilé rẹ̀ ló ti ń yà á. Tó bá gbẹ, á gbé e lọ. Aláró kì í bèèrè ibi tó jókòó sí. Ojú rírán ló ń wò."

"Èmi wá ni aláró?"

"Ẹ̀yin lẹ ni aró, sà."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tí rọ́bà ọwọ́ ẹ̀wù ń fún. "Ọjọ́ Ẹtì. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo fẹ́ rí ẹ. Má sì ṣẹ́ pépà mi po."

"Ti sìmẹ́ńtì ni mò ń ṣẹ́, sà."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sá dé Ojúwòyè. Àdùkẹ́ jókòó sínú abọ́ ńlá kan, ó ń sùn. Mo gbé e, mo jókòó sílẹ̀ láàárín àwo, mo sì fún un lọ́mú. Ìyá Ràfíátù wò wá, ó ní, "Ará Òkè, ò ń dí ọjà mi lọ́wọ́." Kò ní kí n dìde.

Ọkọ mi kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìyá náà dáhùn pé òun gbọ́, ṣùgbọ́n òun ti ra ẹní, òun kò sì lè dá a padà fún ẹni tó tà á. A lọ síbẹ̀ ní Iléyá. Ẹní kékeré aláwọ̀ pupa ni, ìyá náà tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Àdùkẹ́ sùn lórí rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí a ń padà bọ̀, ìyá ọkọ mi ká ẹní náà, ó gbé e sókè àjà, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ó ṣì wà níbẹ̀. Orí rẹ̀ náà ni ọmọ ń sùn nígbàkúùgbà tí a bá lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń yọ jáde.

Wọ́n tẹ pépà náà. Lọ́jọ́ kan ní ọjà Ojúwòyè, mo rí ìyá kan tó fi ẹyẹ mi di panla. Mo kúnlẹ̀ kí i kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe.

"Kí ló sọnù lọ́wọ́ ẹ?"

"Kò sí, mà," mo ní.

Àdùkẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé báyìí. Lóṣù tó kọjá, tíṣà rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí mo dé, ó na ìwé ọmọ náà sókè. Gbogbo ojú ewé rẹ̀ ló ti ṣẹ́ po, sí méjì, sí mẹ́rin, sí mẹ́jọ, ó sì ya ilé kékeré kan sáàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló ṣẹ́ ìwé yìí po?" tíṣà ní.

"Èmi ni, mà," Àdùkẹ́ ní.

"Kí ló dé?"

Ọmọ náà wò ó bí ẹni tí ìbéèrè yà lẹ́nu. "Kí ó lè gún ni, mà."

Tíṣà yíjú sí mi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Mo ní n óò máa bá a wá pépà sìmẹ́ńtì.